AnaMama Kò Ní Wọ Ilé Tuntun

Ọjọ́ Ajé, 4 Oṣù Kẹjọ

Bàbá Arúgbó tún dákú lónìí. Kọ̀ǹpútà ni mò ń wí, kì í ṣe ènìyàn. Súwẹ́tà ti dé àyà nígbà tó dákú, Eléyín sì dúró gbagidi pẹ̀lú òwú lẹ́nu. Eléyín ni ẹ̀rọ tó ń hun súwẹ́tà — abẹ́rẹ́ inú rẹ̀ tò bí eyín ọ̀nì. Bàbá Arúgbó ló ń sọ ohun tí Eléyín máa hun fún un. Bí ọ̀kan bá dákú, èkejì di ère.

Dókítà ní òpin rẹ̀ ti dé. Ọmọbìnrin mi ni Dókítà. Ẹ̀rọ ló ń tọ́jú, ètò ló ń kọ sínú kọ̀ǹpútà, ibẹ̀ ni mo ti fún un lórúkọ náà. Mo ní kó dà á dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, kó gbé fáànù kọjú sí i. Ó ṣe é. Bàbá Arúgbó jí. Mo wo ọmọ mi lójú.

Ó ní, “Màmá, ẹni tó ń kú lọ náà máa ń jí béèrè omi.”

Súwẹ́tà ilé-ìwé gbọ́dọ̀ pé kí àwọn ọmọ tó wọlé lóṣù tó ń bọ̀. Láti ọjọ́ tí ilé-ìwé yẹn ti ṣí, ọwọ́ mi ni súwẹ́tà wọn ti ń jáde. Kì í ṣe nítorí ojú mi. Nítorí ọrùn ni. Ọrùn súwẹ́tà tèmi kì í ha ọmọ létí bó bá ń wọ̀ ọ́, kì í sì í fẹ̀ bí ẹnu kòtò bí a bá fọ̀ ọ́. Mo kàwé dé kíláàsì kẹta péré. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ọrùn, kó wá bá mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5 Oṣù Kẹjọ

Ìyàwó Tuntun dé. Kọ̀ǹpútà tẹ́ẹ́rẹ́ kan báyìí, kò kùn, kò mí. Mi ò fẹ́ràn ohun tí kì í mí.

Dókítà ṣàlàyé, mo gbọ́ ọ báyìí: inú kọ̀ǹpútà, ilé kan wà tí wọ́n ti ń kọ ètò, tí ètò náà sì ti ń ṣiṣẹ́. Ilé ti Bàbá Arúgbó ti di ahoro, àwọn tó kọ́ ọ kò tún un ṣe mọ́. Ilé tuntun ló wà nínú Ìyàwó Tuntun. Ètò ńlá tó ń darí Eléyín máa kó lọ síbẹ̀. Ìyẹn ò le, Dókítà fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́. Àwọn àfikún ni wàhálà — àwọn ètò kéékèèké tí wọ́n so mọ́ ètò ńlá, bí ẹni rán àpò mọ́ aṣọ. Ọ̀kan fún apá, ọ̀kan fún etí aṣọ, ọ̀kan fún ọrùn. Ilé àtijọ́ nìkan ni wọ́n mọ̀.

Ó ń dà wọ́n kọ sínú Ìyàwó Tuntun, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo ń ka ojú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Mo rí orúkọ àpò tí gbogbo wọn wà nínú rẹ̀. AnaMama.

Mo dìde dúró.

Ẹni-Yẹn ló kọ wọ́n. Ọkọ Dókítà ni nígbà kan. Orí àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Eléyín ló ń jókòó, àga tí mo ń kó òwú lé báyìí. Ó ń wo ọwọ́ mi bí mo ṣe ń hun ọrùn, ó ń kọ ọ́ sínú kọ̀ǹpútà ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Ó ní òun ni àna Màmá, ó fi sọ àpò náà lórúkọ. Nígbà tí òun àti ọmọ mi pínyà, ó kó ẹrù rẹ̀, ó lọ. Kò dágbére fún mi. Ẹni tó jẹun nínú àwo mi, tó sùn lábẹ́ òrùlé mi — ó yọ́ jáde bí ológbò.

Mo ní orúkọ yẹn kò ní wọ ilé tuntun. Dókítà ní orúkọ lásán ni. Mo ní bó bá jẹ́ lásán ni, kò ní ṣòroó pa rẹ́. Ó mí kanlẹ̀.

“Màmá, nínú èmi àti ẹ̀yin, ta ló kọ ọkùnrin yìí sílẹ̀ gan-an?”

Mo nàka sí orúkọ náà. Ó yí orúkọ náà padà, ó di OrunSuweta. Ọkàn mi balẹ̀.

Ọjọ́rú, 6 Oṣù Kẹjọ

Ilé tuntun kò gba àwọn àfikún. Ó ní wọn kì í ṣe ẹgbẹ́ òun. Ọmọ àná!

Ọjọ́bọ̀, 7 Oṣù Kẹjọ

Dókítà purọ́ fún ilé tuntun. Níwájú àfikún kọ̀ọ̀kan, ìlà kan wà tó ń sọ irú ilé tí wọ́n torí rẹ̀ kọ ọ́. Ó yí ìlà náà padà, bí ẹni tó dín ọjọ́ orí rẹ̀ kù torí iṣẹ́. Ilé ṣílẹ̀kùn. Wọ́n wọlé. Ni wọ́n bá dojú rú — ilé ń sọ èdè kan, àfikún ń sọ òmíràn, gbogbo ètò wó lulẹ̀. Eléyín já òwú sọ nù.

Mo ní bí irọ́ ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Ó ní òun ò tíì jẹun, kí n jẹ́ kí òun sinmi òwe.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9 Oṣù Kẹjọ

Ó ti rí ọgbọ́n dá. Ó kọ ètò kékeré kan tó ń dúró láàárín ilé àti àfikún. Ohun tí èyí bá sọ, á túmọ̀ rẹ̀ fún tọ̀hún. Ògbufọ̀ ni mo pè é. Ògbufọ̀ ṣiṣẹ́! Apá jáde, etí aṣọ jáde, wọ́n dára bí ti tẹ́lẹ̀. Mo jó díẹ̀ nídìí Eléyín. Eékún mi rán mi létí pé kí n dákẹ́.

Ọ̀la, ìsinmi. Lọ́jọ́ Ajé, ọrùn.

Ọjọ́ Ajé, 11 Oṣù Kẹjọ

Kò sí ọrùn.

Eléyín hun ara, ó dé èjìká, ó ń hun lọ tààrà títí ó fi dé òkè. Ó dí pa. Àpò búlúù ńlá. Kò ké, kò kọ àṣìṣe kankan sójú — ó kàn fo ọrùn bí ẹni tí kò mọ̀ pé ọmọ ènìyàn lórí.

Ìyá Abẹ́rẹ́ gbé e sókè sí ojú fèrèsé. Òun ló ń fi ọwọ́ rán apá mọ́ ara fún mi, ọ̀rẹ́ mi ni láti ìgbà tí a ò tíì lọ́kọ. Ó yí aṣọ síwá, ó yí i sẹ́yìn.

Ó ní, “Ilé-ìwé wo ni wọ́n ti ń gba ọmọ tí kò lórí?”

Dókítà rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Mo ní kí wọ́n gbé Bàbá Arúgbó padà wá, kí a fi òun parí iṣẹ́ ọdún yìí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12 Oṣù Kẹjọ

Bàbá Arúgbó kú. Òkú ni fáànù ń fẹ́ láti àárọ̀.

Ọjọ́rú, 13 Oṣù Kẹjọ

Ọ̀gá Ilé-Ìwé yà wá. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni, ó máa ń bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà kó má bàa tẹ òwú mi. Ó béèrè àlàáfíà eékún mi. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ń bẹ lẹ́yìn eékún.

Ó ní ilé-iṣẹ́ ńlá kan mú súwẹ́tà wá fún àwọn alákòóso láti wò. Ó ní wọ́n yára, wọ́n sì ń hun gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Mo béèrè bí ọrùn ti wọn ṣe rí. Ó ní kò burú. Mo ní ibojì náà kò burú. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó wá sọ ojú abẹ níkòó: òun fẹ́ rí súwẹ́tà kan péré láti ọwọ́ mi ní ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, odindi, tòun tọrùn. Bí kò bá sí, àwọn alákòóso á gbé iṣẹ́ náà fún àwọn tọ̀hún. Kì í sì í ṣe tọdún yìí nìkan.

Mo sìn ín dé ojú ọ̀nà. Mo rìn bí ẹni tí eékún kò dùn.

Dókítà ń tú ògbufọ̀ palẹ̀, ó ń tún un tò. Ó ní ó dájú pé ibẹ̀ ni àìsàn wà.

Ọjọ́bọ̀, 14 Oṣù Kẹjọ

Kì í ṣe ògbufọ̀. Èmi ni.

Dókítà pè mí, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀ jù. Ó ní àwọn àfikún tó kù lè dá ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ọrùn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ àwọn yòókù pé èjìká fẹ̀ tó báwo. Ibi tó ti ń wá wọn ni AnaMama. Wọ́n ti gbẹ́ orúkọ yẹn sínú rẹ̀. Ó dé ibẹ̀, kò bá AnaMama, ó dákẹ́, ó kọjá lọ. Dókítà ní òun náà ti gbàgbé pé òun yí orúkọ kankan padà, torí ohun tí òun yí padà pọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan.

Mo ní kó ṣí àfikún náà, kó pa orúkọ inú rẹ̀ rẹ́. Ó ní kò ṣeé ṣí. Ohun tó wà lọ́wọ́ wa dà bí aṣọ tí wọ́n ti rán parí. Ẹni tó kọ ọ́ nìkan ló ní èyí tó ṣí sílẹ̀.

Nítorí náà ọ̀nà méjì ló wà. Kí a dá orúkọ náà padà. Tàbí kí òun pe Ẹni-Yẹn lórí fóònù.

Mo ní ẹ̀kẹta wà. Kó kọ ọrùn mìíràn.

Ó ní, “Màmá, mi ò mọ ọrùn yín. Òun ló jókòó tì yín.”

Bí ẹni gún mi lábẹ́rẹ́. Mo ní èmi tí mo ni ọrùn ò tíì kú.

Ọjọ́ Ẹtì, 15 Oṣù Kẹjọ

Èmi àti Dókítà ò sọ̀rọ̀. Ó kí mi láàárọ̀, mo dá a lóhùn. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 16 Oṣù Kẹjọ

Mo fẹ́ kọ èyí bó ṣe rí, kó má bàa jẹ́ pé lọ́la mo máa tún un sọ kó dùn.

Mo ní kí Dókítà gbé Ìyàwó Tuntun lé itan, kó máa kọ bí mo bá ṣe ń wí. Ṣebí ọwọ́ mi ni Ẹni-Yẹn wò. Ọwọ́ náà ṣì wà lára mi. Mo mú abẹ́rẹ́ ìhunṣọ gígùn méjì, mo mú òwú búlúù, mo jókòó sójú fèrèsé níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti dára. Ìyá Abẹ́rẹ́ fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó ń wò wá.

Èjìká lọ geere. Mo tilẹ̀ ń kọrin lábẹ́ ètè. Mo wá dé ibi tí ọrùn ti ń ṣí. Àtàǹpàkò mi kọ̀. Mo mọ̀ pé ó ti wú, mo rò pé òjò ló fà á. Mo tì í, kò tẹ̀. Ojú òwú bọ́. Mo tú u, mo tún bẹ̀rẹ̀. Ó tún bọ́.

Dókítà ní kí n má hun ún mọ́, kí n kàn sọ ọ́. Níbí, ojú òwú mélòó lẹ máa ń dín kù? Mo ní mi ò kà á rí. Báwo lẹ ṣe ń mọ̀ pé ó ti tó? Mo ní ọwọ́ mi ló ń mọ̀. Ó ní, jẹ́jẹ́, kò fi ṣe yẹ̀yẹ́, pé kí n béèrè lọ́wọ́ ọwọ́ mi.

Mo béèrè. Mo wò ó bí ẹni tó ń wo àlejò. Kò wí nǹkan kan. Ọ̀nà tí mo ti ń rìn láti ìgbà ọ̀dọ́bìnrin — mo dé àárín rẹ̀, koríko ti bò ó. Mo sọ ohun kan fún Dókítà. Mo tún sọ òmíràn, ó ta ko ti àkọ́kọ́. Ó ń kọ gbogbo rẹ̀, kò gbé ojú sókè. Mo mọ ìdí tí kò fi gbé ojú sókè.

Ìyá Abẹ́rẹ́ ní òun ń lọ sé tíì. Kò béèrè ta ló fẹ́ mu.

Ohun tí mo rí lónìí nìyí: ọwọ́ mi ti ìgbà yẹn, èyí tí kò wú, tí kò gbọ̀n, kò sí lára mi mọ́. Inú àfikún yẹn ló kù sí. Lábẹ́ orúkọ ẹni tí kò dágbére.

Ọjọ́ Àìkú, 17 Oṣù Kẹjọ

Ìyá Abẹ́rẹ́ wá kí mi nílé. Ó jókòó pẹ́. Ó ní èmi àti ìbínú mi ti jọ ń gbé ó ti pẹ́, ṣé ó tiẹ̀ máa ń bá mi gbálẹ̀? Mo ní kó máa lọ sílé. Ó ní tíì òun kò tíì tán.

Ọjọ́ Ajé, 18 Oṣù Kẹjọ

Dókítà fi ohun tí mo wí kọ ọrùn. Eléyín hun ún. Ọrùn ni, kì í ṣe àpò — mi ò ní parọ́ mọ́ ọn. A pe ọmọ ayálégbé ẹ̀yìnkùlé, ọmọbìnrin kan tí kì í dákẹ́, kó wá wọ̀ ọ́ wò. Orí wọlé dé imú. Ó há. Ó ń sọ̀rọ̀ lọ nínú súwẹ́tà, a ò gbọ́ ohun tó ń wí. Nígbà tí a fà á jáde, etí rẹ̀ pọ́n bí ata. Ó wo ojú mi.

“Màmá, ṣé ẹ̀yin lẹ hun èyí?”

Mo ká súwẹ́tà náà sábẹ́ apá.

Ó ku ọ̀la, ọ̀tunla, Ọjọ́bọ̀. Lẹ́yìn náà, Ẹtì.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 19 Oṣù Kẹjọ

Mo wẹ̀, mo wọ aṣọ tó dáa, mo lọ sí yàrá iṣẹ́ kí Dókítà tó dé. Nígbà tó wọlé mo ní, “Dá orúkọ yẹn padà.”

Kò rẹ́rìn-ín. Kò ní “ṣebí mo wí”. Ó mọ irú ìyá tó ní. Ó tẹ̀ ẹ́ ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, mo ń wò ó. A. N. A. Ó ku díẹ̀ kí n ní kó dúró.

Mo rò pé ó tán. Kò tán. Ilé tuntun gbé ìbéèrè kan sójú. Dókítà ní bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn bí àpò bá yí orúkọ padà tí àfikún inú rẹ̀ kò sì ní òǹtẹ̀ tó ń fi ẹni tó ṣe é hàn. Mo ní kó kà á fún mi.

“Ó ń béèrè pé ṣé ẹ fọkàn tán ẹni tó ṣe é.”

Ìdáhùn méjì ló wà nísàlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ọwọ́ Dókítà ti ń lọ síbẹ̀ wẹ́rẹ́, bí ẹni tó fẹ́ lé eṣinṣin. Mo di ọwọ́ náà mú. Mo ní ta ló ni yàrá yìí? Ó ní èmi ni. Mo ní èmi ni wọ́n bi, nígbà náà. Ó dìde, mo jókòó.

Mo pẹ́ níbẹ̀. Dókítà jáde, ó wọlé, ó tún jáde. Ìyá Abẹ́rẹ́ ń rán nǹkan tí kò sí òwú nínú abẹ́rẹ́ rẹ̀.

Mò ń rántí. Ìlà tí mo bá ní kò dáa, Ẹni-Yẹn máa ń pa á rẹ́ lójú ẹsẹ̀. Kì í ní kí n ní sùúrù, kì í ní “èyí náà máa ṣe é”. Ọjọ́ kan ó pa iṣẹ́ àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ rẹ́ torí pé mo fojú wo ọrùn kan ní ìwò tí kò tẹ́ mi lọ́rùn. Mi ò tilẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó ní òun rí ojú mi. Ẹni tó ń wo ojú mi tó báyẹn — báwo ló ṣe lọ láìwo ojú mi?

Lórí ìdágbére, mi ò fọkàn tán an. Lórí ọrùn, mo fọkàn tán an. Ẹ̀rọ kò béèrè èyí tó jẹ́. Ó fi bẹ́ẹ̀ ni àti bẹ́ẹ̀ kọ́ síwájú mi bí ẹni tí kò ní ìbátan rí.

Mo tẹ Bẹ́ẹ̀ ni. Àtàǹpàkò tó wú ni mo fi tẹ̀ ẹ́.

Eléyín hun ara. Ó hun èjìká. Ó dúró díẹ̀ — a ò mí. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ọrùn.

Mo mọ̀ ọ́n. Bí ẹni tó gbọ́ ohùn ara rẹ̀ láti yàrá kejì.

Ọjọ́rú, 20 Oṣù Kẹjọ

Ọmọ ẹ̀yìnkùlé wọ̀ ọ́. Ó wọlé, ó jáde, kò dákẹ́ ọ̀rọ̀ sísọ láàárín.

Ọjọ́ Ẹtì, 22 Oṣù Kẹjọ

Èmi fúnra mi ni mo gbé e lọ. Ọ̀gá Ilé-Ìwé ki ìka bọ ọrùn náà, ó fà á, ó jọ̀wọ́ rẹ̀, ọrùn padà sí ipò. Ó gbé ti àwọn tọ̀hún, ó fà á, ó jọ̀wọ́ rẹ̀. Ó dúró gbàgà bí ẹnu ẹni tó ń sùn. Ó ní kí n máa lọ hun ìyókù.

Mo yọ̀ dé ilé. Dókítà kò yọ̀ tó mi. Mo béèrè kí ló dé. Ó ní ilé tuntun náà kò ní pẹ́ di àtijọ́. Bí wọ́n bá tún kó lọ sí òmíràn, ògbufọ̀ lè má mọ èdè ibẹ̀, ilé mìíràn sì lè má ṣílẹ̀kùn fún àfikún tí wọ́n ti pa dé rárá. Ọrùn náà á kú nínú àpò rẹ̀. Kìkì bí a bá ní èyí tó ṣí sílẹ̀ la fi lè tún un kọ. Ọ̀dọ̀ ẹnì kan ṣoṣo ló wà. Ẹni náà lè sọ ọ́ nù, ó lè kú.

Ó ní òun kò ní pè é láìjẹ́ pé mo gbọ́. Ó gbé fóònù sórí tábìlì, ó lọ fọ abọ́.

Ọjọ́ Àìkú, 24 Oṣù Kẹjọ

Kì í ṣe èmi ni mo pè é. Dókítà ló tẹ nọ́ńbà. Mo kàn ní kó tẹ̀ ẹ́ ni.

Ó gbé e. Ó ní, “Ẹ kú àárọ̀, Mà.” Bó ṣe mọ̀ pé èmi ni, mi ò mọ̀. Ohùn náà ò yí padà. Dókítà ń wo àjà bí ẹni pé àjà ń jò.

Mo ti ro ohun tí mo máa sọ láti àná. Mo máa béèrè àfikún, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ lásán, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni, “O ò dágbére fún mi.”

Mo gbọ́ tó ti ilẹ̀kùn kan níbi tó wà.

“Mo dé ẹnu ọ̀nà yàrá iṣẹ́, Mà. Mo gbọ́ tí Eléyín ń hun. Mo mọ̀ pé bí mo bá wọlé, ẹ máa ní kí n jókòó.”

Mo fẹ́ bú u. N ò rí èébú kankan lẹ́nu mi. Torí òótọ́ ni. Ǹ bá ti ní kó jókòó.

Mo ní èyí tó ṣí sílẹ̀ nínú àfikún ọrùn ńkọ́? Ó ní ó wà lọ́wọ́ òun, òun kò sọ ọ́ nù rí, òun lè fi ránṣẹ́ sí Dókítà báyìí-báyìí. Mo ní kò ní fi ránṣẹ́. Dókítà yíjú sí mi kíá. Mo ní gbèsè ìdágbére kan wà lọ́rùn rẹ̀, wọn kì í fi fóònù san irú rẹ̀. Kó gbé àfikún náà dání, kó wá dágbére lójú mi. Ẹni tó bá fẹ́ dágbére, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dé.

Ó ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tó ń bọ̀, bí mo bá fọwọ́ sí i. Mo ní ká máa wò ó. Mo gbé fóònù fún Dókítà kó pa á, torí ojú mi kò ríran dáadáa.

Lẹ́yìn náà Dókítà béèrè, bí ẹni tí kò ní nǹkan kan lọ́kàn, pé orí àga wo ló máa jókòó. Mo ní ta ló sọ fún un pé ó máa jókòó.

Nígbà tó lọ sílé, mo kó òwú kúrò lórí àga ẹ̀gbẹ́ Eléyín.